Alẹ́ẹ̀tì dé, owó ò dé: ìka ọmọ ló ń tẹ fóònù ìyá l'Ọ́jà Ọba Àkúrẹ́

"Màmá, ó ti lọ o. Ẹ wò ó."

Ọmọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti na fóònù sí màmá aláṣọ lójú. Ojú fóònù náà ń tàn yòò, àmì aláwọ̀ ewé kan wà láàárín rẹ̀, irú èyí tí tíṣà máa ń fi máàkì ìwé ọmọléèwé tó bá gbà á. Yáàdì mẹ́fà àǹkárá ti wà nínú ọ̀rá lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sì ti jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Màmá wo fóònù, ó wo ọmọ náà lójú, ó tún wo fóònù tirẹ̀ tó dákẹ́ lórí tábìlì. Ó nahùn pe ọmọ tó ń bá a tajà. Ọmọ ti lọ pọn omi.

"Ọmọ mi, dúró ná, jẹ́ kí ẹni tó máa bá mi wò ó dé."

"Ṣùgbọ́n Màmá, ó ti kúrò lọ́wọ́ mi! Nẹ́tíwọ̀kì ló ń dà yín láàmú. Tó bá yá, ẹ máa rí i."

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin Déjì, ẹ ò ní í pe èyí ní àlọ́. Bí kò bá ṣẹlẹ̀ sí yín lánàá, ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ẹ jọ jókòó. Ìgbà mìíràn wà tí owó á wọlé lóòótọ́ kí ọmọ tó pọn omi dé, tí màmá á wá máa kábàámọ̀ pé òun fojú olè wo ọmọ ọlọ́mọ. Ìgbà mìíràn sì wà tí aṣọ ti lọ, tí ilẹ̀ ti ṣú, tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tí fóònù ò sì dún.

Ẹ fi ti olè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìyá tó ti ń tajà láti ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, tó lè fọwọ́ kan aṣọ lásán kó sọ iye tó jẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò lè fi ayédèrú owó tàn jẹ, òun náà ló wá jókòó tó ń retí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kó wá sọ fún òun bóyá òun ti gbowó ọjà òun tàbí òun ò tíì gbà á. Báwo lọ̀rọ̀ ṣe débẹ̀?

Ẹni tó bá ti lé lógójì ọdún á rántí ìgbà tí tẹlifóònù jẹ́ nǹkan àwọn olówó. NITEL tí í ṣe ti ìjọba ló ń fà á wọlé fún èèyàn. Gbogbo ìlà tó wà ní Nàìjíríà nígbà tí ọdún 2001 bẹ̀rẹ̀ ò pé mílíọ̀nù kan rárá, bẹ́ẹ̀ èrò orílẹ̀-èdè lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ti gúnlẹ̀ l'Ékòó, dẹ́rẹ́bà ló máa lọ bá ní gáréèjì lọ́jọ́ kejì. Oṣù kìíní ọdún 2001 nìjọba ta láísẹ́ǹsì fóònù alágbèéká, 285 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di oṣù kẹjọ ọdún náà, Econet àti MTN ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. (Econet yìí ló wá ń pààrọ̀ orúkọ bí àbíkú: ó di Vmobile, ó di Celtel, ó di Zain, kó tó wá di Airtel lọ́dún 2010.)

Owó rẹ̀ ga. Nǹkan bíi náírà 50 ni wọ́n ń gbà lórí ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú gbáko ni wọ́n sì fi ń kà á, kì í ṣe ìṣẹ́jú àáyá. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta sọ̀rọ̀, owó ìṣẹ́jú méjì ló máa san. Ọ̀pọ̀ àgbà ní àwọn ò ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ní àwọn máa wá ọgbọ́n dá sí i.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni fíláàṣì. Àwọn tó ṣe fóònù ò ṣe bọ́tìnnì kankan fún fíláàṣì o, àwọn tí ò lówó káàdì ló ṣe é fúnra wọn. Pe nọ́ńbà, jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, pa á. Kọ́bọ̀ kan ò kúrò nínú káàdì rẹ, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ti dé etí ẹni tó o rán an sí. Dẹ́rẹ́bà tó ń kó iṣu bọ̀ láti oko á ti bá ìyá oníṣu ṣe àdéhùn: bó bá dún lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ ti gbéra, bó bá dún lẹ́ẹ̀mejì, táyà ti jò, kí wọ́n má retí òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Télọ̀ á fíláàṣì oníbàárà pé aṣọ ti délẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fíláàṣì, bó bá lówó ju ẹni tó fíláàṣì rẹ̀ lọ, òun ló yẹ kó pè padà. Kò sẹ́ni tó kọ òfin yẹn sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń tẹ̀lé e. Ọmọge kì í sì í pe ọ̀rẹ́kùnrin rẹ̀ nígbà náà, fíláàṣì ló ń ṣe. Àwọn kan ṣì wà lẹ́nu ẹ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn fíláàṣì ni agboòrùn dé. Ọmọ tó ti jáde ìwé mẹ́wàá tí kò ríṣẹ́ á wá fóònù kan, tábìlì kan àti àga oníke méjì, á ta agboòrùn aláwọ̀ kan sẹ́bàá títì, ó di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn. Ẹ jókòó, ẹ pe ẹni tí ẹ fẹ́ pè, ẹ sanwó ìṣẹ́jú tí ẹ lò. Lóṣù kẹjọ ọdún 2003 ni Glo wọjà pẹ̀lú ìṣirò oníṣẹ́jú àáyá, àwọn yòókù tẹ̀lé e, owó ìpè sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Nígbà tí ìpè òru tún dé, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ tàbí tí kò wọ́n, àwọn ọ̀dọ́ sọ òru di ọ̀sán. Bàbá tó bá jí laago méjì òru tó gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìnkùlé kò ní í pariwo olè mọ́. Ó ti mọ̀ pé ọmọ òun obìnrin ni.

Ọdún 2003 yìí kan náà ni Nokia gbé 1100 jáde, èyí tó ní tọ́ọ̀ṣì lórí. Ó lé ní 250 mílíọ̀nù tí wọ́n tà nínú rẹ̀ káàkiri ayé. Tọ́ọ̀ṣì yẹn ló mú kí ọ̀pọ̀ ìyá ọjà gba fóònù, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni parọ́ fún yín pé nítorí ìpè ni. Iná lọ, ìyá tan tọ́ọ̀ṣì, ó ń ka owó, ó ń di ẹrù. Fóònù tí ọmọ rà fún un kó lè máa gbọ́ ohùn òun ti di àtùpà ṣọ́ọ̀bù.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù ni ti káàdì ìpè. Ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó fẹ́ fi ẹgbẹ̀rún kan náírà ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ l'Ákùúrẹ́. Ìyá ò ní ìwé báńkì. Ọmọ á ra káàdì, á ha á, á fi nọ́ńbà inú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó jókòó sábẹ́ agboòrùn nítòsí ìyá. Ẹni abẹ́ agboòrùn á ka owó fún ìyá, á yọ díẹ̀ fún ara rẹ̀, á sì lo káàdì náà fún òwò. Kò sí báńkì tó kọ́ wọn. Àwọn tó ṣe ìwádìí nígbà náà rí irú nǹkan yìí ní Uganda, ní Botswana àti ní Ghana, ó sì wà lára ohun tó ṣí ojú àwọn tó dá M-Pesa sílẹ̀ ní Kenya lóṣù kẹta ọdún 2007. Pesa ni wọ́n ń pe owó lédè Swahili.

Ní Kenya, ilé-iṣẹ́ fóònù ló ń gbé owó kiri fún èèyàn. Ní Nàìjíríà níbí, báńkì ìjọba àpapọ̀, CBN, ò gbà fún wọn bẹ́ẹ̀, báńkì ni wọ́n ní kó ṣáájú. Ọdún 2022 ni MTN àti Airtel tó ṣí báńkì orí fóònù tiwọn. Ohun tó rọ́wọ́ mú níbí ni ti aṣojú báńkì, tí CBN gbé ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2013: ẹlẹ́rọ POS. Ẹ wá wo àwọn tó gba ẹ̀rọ náà. Àwọn ọmọ abẹ́ agboòrùn ọjọ́sí ni, àti àwọn àbúrò wọn. Tábìlì yẹn náà ni, àga oníke yẹn náà ni. Àwọ̀ agboòrùn ló yí padà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ọjà ò dá sí i. "Owó tí mi ò fọwọ́ kàn, kì í ṣe owó mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dúró fún wọn dáadáa títí ọdún 2022 fi ń parí lọ. Lọ́jọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún náà ni CBN kéde pé àwọn máa yí àwọ̀ náírà 200, 500 àti 1,000 padà. Wọ́n fi ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2023 ṣe gbèdéke, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ 10 oṣù kejì. Tuntun ò tó, wọn ò sì gba àtijọ́ mọ́. Ẹ̀yin tí tòmátì jẹrà mọ́ lọ́wọ́, ẹ rántí. Ẹni tó lówó ní báńkì ń tò láti ìdájí. Ẹni tó fẹ́ gba ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rọ POS kan á fi ẹgbẹ̀rún méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ kí wọ́n tó ka ìyókù fún un. Oníbàárà dúró níwájú àtẹ, ebi ń pa á. Ọjà ń bàjẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á. Owó kò sí láàárín àwọn méjèèjì. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ lọ́jọ́ 3 oṣù kẹta ọdún 2023 pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di ìparí ọdún náà, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ìyá tó ti búra pé òun ò ní í gba tiransífà ti gba tiransífà.

Inú àkáǹtì ta ló wọ̀?

Àkáǹtì ọmọ. Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ dójú ẹ̀, ọmọ ló ní àkáǹtì tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Àwọn bíi OPay àti PalmPay ti mú un rọrùn: nọ́ńbà fóònù èèyàn náà ni nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀, kó ṣáà ti yọ òdo iwájú kúrò. Ọmọ ya páálí, ó fi máákà kọ nọ́ńbà tirẹ̀ gàdàgbà sí i, ó gbé e kọ́ iwájú àtẹ ìyá rẹ̀. Láti ọjọ́ náà lọ, owó ata, owó ẹja, owó gààrí, inú àpò ọmọ ló ń gbà kọjá.

Kì í ṣe pé ọmọ burú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń ṣe é bó ṣe yẹ. Alẹ́ bá lẹ́, wọ́n á jókòó, ọmọ á ka gbogbo ohun tó wọlé, ìyá á máa fi ọkàn ṣe ìṣirò, bó bá ku náírà ọgọ́rùn-ún kan, ìyá á mọ̀. Ṣùgbọ́n báńkì ò mọ ìyá rí. Bí ọmọ bá rìnrìn àjò, bí òun àti ìyá rẹ̀ bá ní gbólóhùn asọ̀, tàbí, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́, bí ọmọ bá kú, orúkọ ta ni wọ́n máa wò? Ọ̀rọ̀ síìmù náà ò yàtọ̀. Oṣù kejìlá ọdún 2020 nìjọba ní kí gbogbo síìmù so mọ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀, NIN. Síìmù tí ọmọ fi NIN tirẹ̀ gbà fún ìyá, síìmù ọmọ ni lójú òfin. Ìyá lè ti lo nọ́ńbà kan fún ọdún mẹ́wàá, kí gbogbo oníbàárà rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n sórí, bó bá sọnù báyìí, àfi kí ọmọ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá kó tó lè gbà á padà. Ẹni tó ti ní NIN, kó gba síìmù lórúkọ ara rẹ̀, kó ṣí àkáǹtì lórúkọ ara rẹ̀. Ọmọ tó bá bínú sí ìyẹn, ó yẹ kí wọ́n bi í léèrè ohun tó ń bí i nínú.

Ìdí kan sì wà tó yẹ kí wọ́n fi bi í. Fóònù tí ọmọ fi ń gba owó ọjà náà ni àwọn kan fi ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Láyé àtijọ́, ẹni tó fẹ́ ta tẹ́tẹ́ á jáde nílé, wọ́n á rí i, wọ́n á sọ fún ìyá rẹ̀. Ní báyìí ó lè jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, kó máa bá oníbàárà sọ̀rọ̀, kó sì ti fi owó ẹ̀wà kọ́ńgò mẹ́ta sórí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tí kò mọ̀ ọ́n rí ní ìlú òyìnbó.

Àmọ́ ọmọ náà ní tirẹ̀ láti sọ, ó sì yẹ kí wọ́n gbọ́ ọ.

Ẹ fojú inú wo ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá aránṣọ. Òun ló ń ya àwòrán gbogbo aṣọ tó bá délẹ̀, òun ló ń gbé e sí status WhatsApp ọ̀gá kí ilẹ̀ tó mọ́. Òun ló ń dá gbogbo àwọn tó bèèrè "èló?" lóhùn. Bí oníbàárà bá fi àwòrán sítáì tó fẹ́ ránṣẹ́ láti Òǹdó, òun ló ń fi ìka méjì fẹ àwòrán náà kí ọ̀gá lè rí bí wọ́n ṣe gé ọrùn àti bí wọ́n ṣe gbé apá sí i. Bí ọ̀gá bá rí sítáì tí ojú rẹ̀ ò tó, ọmọ á wá fídíò ẹni tó ń rán irú ẹ̀ lórí YouTube, àwọn méjèèjì á jọ máa wò ó, ọ̀gá á máa bú ẹni inú fídíò pé kò mọ sísọ́ọ̀sì mú.

Ẹni tó bá wo status yẹn á rò pé ilé ìtajà ńlá kan ní Èkó ni. Ṣọ́ọ̀bù oníyàrá kan ni, tí páànù rẹ̀ ń jò.

Ojú ọ̀gá yìí ò gba ìwé kíkà. Nítorí náà, ọmọ kọ́ àwọn oníbàárà pé kí wọ́n má kọ ọ̀rọ̀ mọ́, kí wọ́n máa fi ohùn ránṣẹ́. Ọ̀gá á tẹ̀ ẹ́, á gbé e sétí, á gbọ́ ọ tán, á sì fi ohùn Àkúrẹ́ tirẹ̀ fèsì, pẹ̀lú oríkì àti àdúrà. Àwọn ìyá tó bí wọn, akọ̀wé ni wọ́n ń lọ bá tí wọ́n bá fẹ́ kọ lẹ́tà, tàbí kí wọ́n pe ọmọ tó ń lọ síléèwé kó wá bá wọn kà á. Gbogbo àṣírí wọn, ó ti gba ẹnu ẹlòmíràn kọjá kó tó dé etí wọn. Ìyá aránṣọ yìí ò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó ń kọ lẹ́tà fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ iṣẹ́ ló ronú kan ìyẹn fún un.

Nígbà tí àjọ NCC fọwọ́ sí i lóṣù kìíní ọdún 2025 pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù fi tó ìdajì lé owó tí wọ́n ń gbà, gbogbo ayé kígbe. Àwọn ọmọ iṣẹ́ náà kígbe, ṣùgbọ́n wọn ò dúró sórí igbe. Ẹnì kan á ra dátà, á ṣí hotspot, mẹ́ta á so mọ́ ọn, wọ́n á máa dáwó rẹ̀ bí ẹni ń dá èsúsú, ẹni tó bá gbé fídíò nígbà tí kò yẹ, wọ́n á yọ ọ́ kúrò.

Ó wá dọjọ́ kan, ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà oníbàárà kan ò wọlé. Oníbàárà ní òun ti san, ó sì fi rìsíìtì hàn. Ọ̀gá wo ọmọ. Ọmọ ní òun ò rí i. Ta ló mọ nọ́ńbà àṣírí? Àwọn méjèèjì. Ta ló ń mú fóònù dání látàárọ̀? Ọmọ. Kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ pe bàbá ọmọ. Bàbá dé, ó dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ ọ̀gá, ó tún gbá ọmọ létí lójú àwọn ọmọ iṣẹ́ yòókù. Laago mẹ́sàn-án alẹ́, nẹ́tíwọ̀kì báńkì bọ̀ sípò, ẹgbẹ̀rún méjìlá wọlé.

Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe bàbá lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìyá ò rò nìyí. Bí ìyá ò bá lè ka alẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀, tí gbájúẹ̀ bá dé, ìyá ló máa pàdánù. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá ṣe wèrè, ọmọ ló máa jẹ̀bi. Wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lé ọmọ lọ́wọ́, wọn ò san owó ẹni tó ń ṣọ́ àpótí fún un. Owó oúnjẹ ọ̀sán ò tó fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ kí ìyá mọ̀ ò pọ̀. Gbájúẹ̀ máa ń fi fóònù tirẹ̀ hàn yín. Ẹ má wo fóònù tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ya àwòrán rìsíìtì kó yí orúkọ àti iye tó wà lára rẹ̀, ètò orí fóònù wà tó ń ṣe é láàárín ìṣẹ́jú kan. Àwọn mìíràn gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n máa ń fi téèsì ránṣẹ́ sórí fóònù yín gan-an, tí wọ́n á kọ orúkọ báńkì yín sórí rẹ̀ kí ẹ lè rò pé báńkì ló fi ránṣẹ́. Nítorí náà, téèsì kì í ṣe owó. Iye tó wà nínú àkáǹtì ni owó. Ẹ wò ó láàárọ̀ kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀. Tí ẹnì kan bá ní òun ti san, ẹ ṣí i wò. Bí kò bá lé, kò tíì san, bó ti wù kí fóònù tirẹ̀ tàn tó. Fóònù kékeré tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì náà lè ṣe é, pẹ̀lú kóòdù oníràwọ̀ tí báńkì kọ̀ọ̀kan ní. Wọ́n fi náírà 6.98 lé irú kóòdù bẹ́ẹ̀ lóṣù kẹta ọdún 2021, ọ̀pọ̀ èèyàn sì tìtorí ẹ̀ sá fún un. Yáàdì mẹ́fà àǹkárá wọ́n jùyẹn lọ.

Ní Íńdíà, àpótí pẹlẹbẹ kan wà tí àwọn oníṣòwò kéékèèké máa ń gbé sórí àtẹ wọn. Tí owó bá wọlé, àpótí náà á ké e jáde: iye báyìí ti wọlé. Oríṣiríṣi èdè ìbílẹ̀ wọn ló sì ń sọ. Ẹni tó ń din àkàrà wọn níbẹ̀ ò ní í kúrò nídìí epo, ọwọ́ rẹ̀ ò ní í kan fóònù, á ṣáà gbọ́ ọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní FUTA, tó wà l'Ákùúrẹ́ níbí láti ọdún 1981, ṣé ẹ ń gbọ́? Àpótí tó máa sọ pé "ẹgbẹ̀rún mẹ́fà náírà ti wọlé, Màmá" lédè Yorùbá, ìyá ata, ìyá ẹja àti ìyá aláṣọ á rà á lọ́wọ́ yín.

Ní ti màmá aláṣọ àárọ̀ yẹn, ọmọ tó lọ pọn omi dé. Ó sọ korobá kalẹ̀, ó nu ọwọ́, ó ṣí fóònù Màmá. Kò sí nǹkan tó wọlé. Ọmọkùnrin náà ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ bá ọ̀rẹ́ òun lẹ́nu ọ̀nà tó ní fóònù tó dára jù. Ó gbé ọ̀rá àǹkárá kalẹ̀, ó jáde. Wọn ò tíì rí i títí ọjà fi tú.

Màmá kọ́kọ́ bínú sí ọmọ pé omi wo ló ń pọn tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ ò fèsì. Nígbà tí wọ́n ń di aṣọ láti kó o wọlé, ó fa àpótí sún mọ́ ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ẹ ṣe máa wò ó."

"Èmi? Mi ò kàwé."

"Ṣé ẹ mọ nọ́ńbà?"

"Ta ni ò mọ nọ́ńbà? Kí ni mo fi ń tajà?"

"Nọ́ńbà náà ni, Màmá. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀."

Ó fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ hàn án. Ó fi bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ nọ́ńbà àṣírí hàn án. Màmá gba fóònù náà, ó gbé e sún mọ́ àyà, ó sì wo ọmọ.

"Yíjú sọ́hùn-ún."

Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó yíjú sí ọ̀nà. Màmá tẹ nọ́ńbà mẹ́rin, ó tún un tẹ̀, ó dúró. Lẹ́yìn náà ló ṣí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ó gba àkókò. Ó kọ́kọ́ ka òdo méjì tó wà lẹ́yìn mọ́ ọn, ọmọ ní kọ́bọ̀ nìyẹn, kó fo wọ́n.

"Ẹgbẹ̀rún mọ́kàndínlógójì ó lé irínwó," Màmá kà á. "Ṣé iye tó wà níbẹ̀ nìyẹn?"

"Iye tó wà níbẹ̀ ni, Màmá."

"Àná ńkọ́? Èló ló wà níbẹ̀ lánàá?"